Ìbà Ojùgbọ̀nà: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Èkó Bọlá fún Kóòṣì àti Olùgbékalẹ̀ Eré

Ibi tí Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀ ohun tó bá lọ́wọ̀ ni èmi náà yóò ti bẹ̀rẹ̀: orí ìbà. Babaláwo tó bá fẹ́ kifá láwùjọ kì í ṣàdédé la ẹnu. Á júbà olúwo rẹ̀, á júbà ojùgbọ̀nà rẹ̀, kó tó kan ẹsẹ̀ Ifá tó fẹ́ kì, nítorí ó mọ̀ pé ohùn tí àwùjọ ń gbọ́ lẹ́nu òun, ẹnu ẹlòmíràn ni òun ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì: a kì í ki ọmọ tán kí a má dárúkọ ẹni tó bí i. Títí di òní yìí ní Mùṣin, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, lọ́jọ́ tó bá ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù, iwájú ọ̀gá rẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀ sí kó tó gba ìwé-ẹ̀rí, kí ẹbí tó gbé oúnjẹ jáde. Iṣẹ́ kan wà ní ìlú yìí tí ọmọṣẹ́ ti ń gba gbogbo ìyìn, tí ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni eré ìdárayá.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní ó tó àkókò kí Èkó ní Gbọ̀ngàn Ìrántí fún àwọn akọni eré ìdárayá, kí gbọ̀ngàn náà wà ní apá Mainland níhìn-ín, kí ó sì jẹ́ pé àwọn kóòṣì àti àwọn olùgbékalẹ̀ eré ni yóò kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, ṣáájú àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ. Mo mọ̀ pé apá ìkẹyìn yẹn ni yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni gbogbo ayé ń gbé sórí èjìká. Ṣùgbọ́n èso ni góòlù. Ìlú tó bá ń jẹ èso láìtọ́jú irúgbìn, ebi ọdún tó ń bọ̀ ló ń pè sílé. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń sọ ọmọ àdúgbò di akọni, òun ni irúgbìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kú láìjẹ́ pé a kọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ìmọ̀ náà bá a wọlẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì gba ipò rẹ̀ yóò tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí aá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Mainland? Nítorí pé níhìn-ín ni ilé iṣẹ́ náà wà. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tó wà ní Sùúrùlérè parí ní ọdún 1972, a sì lò ó fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní oṣù Kẹta ọdún 1980, tí a fi gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni Cameroon ti fi pẹnáríìtì gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọdún 2000. Òdìkejì rẹ̀ ni Pápá Teslim Balógun wà, èyí tí a ṣí ní ọdún 2007. Ní Yábàá, Rowe Park wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kan ẹ̀ṣẹ́; Yaba College of Technology ní pápá tirẹ̀, Yunifásítì Èkó ní tirẹ̀ ní Akọka, pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí eré ìdárayá ti di àṣà ìbílẹ̀ wọn. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì nínú púpọ̀ wọn. Ó ṣòro láti rí àgbègbè mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí tí ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti pápá ìdíje ti fi ara kínra tó báyìí.

Kóòṣì tó wà ní Houston àti kóòṣì tó wà ní Èkó

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí tó hàn jù lọ. Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí ní ọdún 1963. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers' College, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ló ń ju, ó sì ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti di géńdé ọmọ kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀. Ganiyu Ọ̀tẹ́nigbàdé, kóòṣì ní Èkó níhìn-ín, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi eré náà hàn án. Ní ọdún 1980 ó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí Guy Lewis ti jẹ́ kóòṣì. Ní ọdún 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife NBA ní ọdún 1994 àti 1995. Ní ọdún 2008 wọ́n gbà á wọ Naismith Hall of Fame ní ìlú Springfield, ilé ìrántí tó ga jù lọ nínú eré yẹn. Ní ọdún 2013, wọ́n gba Guy Lewis náà wọlé síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ fún wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà pé ìgbà tí a ti bọlá fún ọmọ, ó tó. Ilé ìrántí wọn ní àyè ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ju bọ́ọ̀lù, ó ní fún kóòṣì, ó ní fún adájọ́ eré, ó sì ní fún àwọn tí wọn kò ju bọ́ọ̀lù rí àmọ́ tí wọ́n gbé eré náà ga. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba Ọlájùwọ́n lálejò ní Houston wà lára ògiri. Ẹni tó fi eré náà hàn án ní Èkó kò ní ògiri kankan tí a lè gbé orúkọ rẹ̀ kọ́. Àwọn tó mọ eré yẹn sì máa ń sọ pé ohun tó mú Ọlájùwọ́n yàtọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ṣe ń yí, tó ń tan alátakò jẹ, tó tún ń yí padà. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ló kọ́ òun ní ẹsẹ̀ náà. Níbo ló ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀? Níbo ló ti ju ti ọwọ́? Èkó ni. A jẹ́ pé ohun tí gbogbo ayé ń pè ní àrà ọ̀tọ̀ rẹ̀, ọwọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé wa ló ti jáde. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn ni a kò tò sínú ìwé kankan.

Ẹ̀rí kejì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Stephen Keshi ni balógun ikọ̀ tó gba Ife Áfíríkà ní ọdún 1994. Ní ọdún 2013, ní Johannesburg, ó tún gba ife kan náà gẹ́gẹ́ bí kóòṣì. Ẹnì kan péré ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, ìyẹn Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì. Láàárín méjèèjì, Keshi ti mú Togo yege fún Ife Àgbáyé 2006, ohun tí wọn kò ṣe rí. Sunday Mba, ẹni tó gbá góòlù kan ṣoṣo tó fún wa ní ife 2013, líìgì ilé níhìn-ín ni Keshi ti mú un, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù nìkan ló yẹ. Ibo ni Keshi ti kọ́ láti wo ọmọ ilé kó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀? St. Finbarr's College ní Akọka ló lọ, ilé-ìwé tí Àlùfáà Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Slattery fúnra rẹ̀ jẹ́ adájọ́ bọ́ọ̀lù. Ó fi ìwé àti bọ́ọ̀lù sínú ọgbà kan náà, kò sì gbà pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì. Ọgbà yẹn ló mú Henry Nwosu jáde, ẹni tó wà nínú ikọ̀ 1980 nígbà tó ṣì kéré gan-an lọ́jọ́ orí. Ìpínlẹ̀ Delta ti fi orúkọ Keshi sọ pápá ìṣeré tó wà ní Asaba, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Asaba ń bọlá fún ọmọ rẹ̀ tó dé ilé pẹ̀lú ife. Àwa tí a ni ilé-ìwé tó ti kọ́ ọ, kí ni a ti ṣe?

Ẹ̀rí kẹta jẹ́ ti àwọn tí orúkọ wọn kò sọnù, ṣùgbọ́n tí ìdajì iṣẹ́ wọn ti sọnù. Hogan Bassey ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọba ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lágbàáyé, ní Paris, ní oṣù Kẹfà ọdún 1957. Gbogbo ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé nígbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di kóòṣì ẹ̀ṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, àti pé lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ni Nojeem Máíyégún, ọmọ Èkó, ti gba àmì idẹ ní Tokyo ní ọdún 1964, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà láti ìgbà tí a ti dáyé. Teslim Balógun náà rí bẹ́ẹ̀. A mọ̀ ọ́n sí “Thunder” nítorí agbára ìbọn ẹsẹ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé ó wà lára ikọ̀ tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949, àti pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní ọdún 1956. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ńlá ní Sùúrùlérè. Síbẹ̀, bí a bá bi ọ̀dọ́ tó jókòó sínú pápá yẹn pé kí ni Balógun ṣe nígbà tó padà sílé, ọ̀pọ̀ kò ní í lè sọ pé ó di kóòṣì. Ìràwọ̀ eléré bo òṣùpá olùkọ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹni tó gbé eré kalẹ̀

Kóòṣì ní ojú kan, ó ní ọmọ kan níwájú rẹ̀. Olùgbékalẹ̀ eré kò ní ọmọ kankan tí a lè nàka sí, ìdí nìyí tí a fi ń gbàgbé tirẹ̀ kíákíá ju ti kóòṣì lọ. Àwọn ènìyàn rò pé eré ìje jẹ́ ohun tí a kàn ń pè, tí àwọn asáré á sì dé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Eré mátọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ pé kìlómítà 42 àti mítà 195. Láti mọ̀ pé ó pé, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere tí a so ẹ̀rọ ìkà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò gba ọ̀nà tó kúrú jù lọ tí asáré lè gbà ní gbogbo kọ́nà, yóò sì fi mítà kan kún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ọ̀nà náà kò pé. Lẹ́yìn èyí ni yóò bá ọlọ́pàá àti àwọn onímọ́tò jíròrò lórí ọ̀nà tí a ó tì. Yóò to omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, yóò wá dókítà àti ọkọ̀ aláìsàn, yóò so ẹ̀rọ tó ń ka àkókò mọ́ ara asáré, yóò sì pèsè ibi tí a ti ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n lo oògùn tí a fòfin dè. Bí ìwọ̀n ọ̀nà náà bá yẹ̀, àkókò tí asáré sá lè má wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Gbogbo làágùn rẹ̀ á di òfo.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ọ̀nà rẹ̀ pa. Lagos City Marathon bẹ̀rẹ̀ níwájú Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, ó gba Òpópónà Ìkòròdú, ó gun Afárá Third Mainland, ó sì parí sí Victoria Island. Nilayo Sports Management, ilé-iṣẹ́ tí Bùkọ́lá Olópadé jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ló gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìdíje kẹwàá wáyé ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ọdún mẹ́wàá láìdáwọ́ dúró, àní pẹ̀lú àrùn kòrónà láàárín, kì í ṣe ohun kékeré ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ìdíje ti ń kú lẹ́yìn ọdún kejì. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn: ní Okpekpe, ìlú orí òkè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, eré kìlómítà mẹ́wàá kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ó sì gba ìfọwọ́sí àjọ eré sísá àgbáyé. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì yẹ kí a máa fi lé ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀.

Eré sísá nìkan kọ́ ni. Olóyè Mọ́ládé Òkóyà-Thomas, Aṣojú Ọba Èkó, fi ohun tó lé ní ogójì ọdún gbé ìdíje tẹníìsì orí tábìlì kalẹ̀ láti àpò ara rẹ̀, títí ó fi kú ní ọdún 2015. Ìjọba ń yí padà, gómìnà ń wá wọ́n ń lọ, àmọ́ ife Aṣojú Ọba ṣì ń wáyé. Ọmọdé tó bá fi ọ̀pá tẹníìsì lé tábìlì ní Yábàá tàbí ní Mùṣin mọ̀ pé ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí òun yóò dán ara òun wò níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù. Ìdúróṣinṣin yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Èkó ti mọ̀ ọ́n lóore: gbọ̀ngàn abẹ́ òrùlé tó wà ní Pápá Teslim Balógun ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, láti ọdún 2014, Flykite Productions tí Jenkins Alumona jẹ́ olórí rẹ̀ ti ń gbé GOtv Boxing Night kalẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní Rowe Park. Ṣáájú rẹ̀, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò lè gbára dì títí láìrí ẹni tí yóò bá jà. Ẹ̀ṣẹ́ tí a kò fi jà máa ń kú lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ń sọ

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó làágùn ló ni ọlá. Kóòṣì kò sáré, kò gba ẹ̀ṣẹ́ lójú. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, n kò sì sọ pé kí a gba ọlá eléré lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 1985, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ gba ife àgbáyé ọ̀dọ́ ní orílẹ̀-èdè China, ìgbà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Áfíríkà gba ife FIFA kankan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í wá ara rẹ̀ rí. Kì í yan ara rẹ̀, kì í sọ fún ara rẹ̀ pé sinmi lónìí kí iṣan rẹ má baà já. Sebastian Brodrick-Imasuen àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe èyí. Làágùn eléré hàn nítorí pé ojú pápá ló ti jáde. Ti kóòṣì jáde ní ìdájí, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá, níbi tí kò sí kámẹ́rà. Bí àìrí bá ti di ẹ̀rí pé ohun kan kò sí, a jẹ́ pé gbòǹgbò kò sí lára igi.

Àtakò kejì ni pé owó oṣù ni kóòṣì ń gbà, èrè sì ni olùgbékalẹ̀ eré ń wá: kí ló tún kù tí a ó fi dá wọn lọ́lá? Ẹ bá mi dá a rò. Olùkọ́ ilé-ìwé ń gbowó oṣù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí a má dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Dókítà ń gbowó. Owó ni a fi ń ra àkókò ènìyàn. Kò ra sùúrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sùúrù ni ìlú tí à ń pè ní Sùúrùlérè fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ti olùgbékalẹ̀, èrè kò ba iyì jẹ́ bí iṣẹ́ bá mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Jack Solomons, oníṣòwò ẹ̀ṣẹ́ láti London, gbé ìjà Dick Tiger àti Gene Fullmer wá sí Pápá Liberty ní Ìbàdàn. Ó wá wá owó, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, ìjà yẹn ló jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú rí ìdíje ọba ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní ilẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí a kò gbọdọ̀ bọlá fún ni ẹni tó kó àwọn asáré jọ tí kò san ẹ̀bùn tó ṣèlérí, tàbí ẹni tó gbé ọ̀nà tí a kò wọ̀n kalẹ̀. Òṣùwọ̀n wà láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, n ó sì sọ ọ́ láìpẹ́.

Àtakò kẹta ló le jù, ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn Èkó ló sì ti wá. Wọ́n ní àwọn ará Kenya àti Ethiopia ló ń kó owó mátọ́ọ̀nù Èkó lọ. Abraham Kiptum, ará Kenya, ló gba ti àkọ́kọ́ ní 2016. Wọ́n béèrè pé: èwo ni ọlá nínú pé a tẹ́ tábìlì, àlejò jẹun? Ìdáhùn mi ni pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ti èrò mi lẹ́yìn. Ẹ̀bùn wà fún ọmọ Nàìjíríà tó bá ṣíwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù nínú eré náà, ìyẹn sì dára. Àmọ́ a kò lè fi ẹ̀bùn nìkan bí asáré ọ̀nà jíjìn. Ní Kenya, olùkọ́ wà nídìí asáré, ilé-ìwé wà nídìí olùkọ́, gbogbo wọn ló sì ní orúkọ ládùúgbò wọn. Níhìn-ín, a ti gbé eré kalẹ̀, a kò tíì gbé kóòṣì eré ọ̀nà jíjìn dìde. Ọwọ́ ọ̀tún ti jáde, ọwọ́ òsì ṣì wà lábẹ́ aṣọ. Ìdí nìyí tí mo fi so méjèèjì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì fi ní kí a má bọlá fún ọ̀kan láìsí èkejì.

Àwọn kan á ní àlejò ni púpọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ. Slattery wá láti Ireland, Bassey láti agbègbè Calabar, ilé Keshi sì wà ní Illah. Ẹ̀yin ará mi, báyìí ni Mainland ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá ta ọjà ní Yábàá ti di ará Yábàá. Kò sẹ́ni tó bi Keshi ní Akọka pé níbo ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó jù bọ́ọ̀lù sí i. Gbọ̀ngàn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ìran yóò ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irọ́, nítorí pápá wa kò bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí a ó béèrè ni: iṣẹ́ wo lo ṣe níhìn-ín, àwọn wo lo ṣe é fún, ọdún mélòó lo fi ṣe é?

Ẹ̀rù ìkẹyìn ni ti òṣèlú. Wọ́n ní bí a bá kọ́ gbọ̀ngàn tán, olówó ni yóò ra àyè, àwòrán olóṣèlú ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Bí a bá wo orúkọ àwọn pápá ńlá wa káàkiri, gómìnà, olórí àti olówó ló pọ̀ níbẹ̀. Lára wọn, àwọn kan tọ́ sí i ní tòótọ́: Lékan Sàlámì tí pápá Adámásingbà ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fi ara àti owó ṣe iṣẹ́ fún Shooting Stars. Àmọ́ ẹ wá kóòṣì tí kò lówó, tí kò ṣe òṣèlú, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù lókìkí, kí ẹ wo bóyá ẹ ó rí pápá kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí kóòṣì kọ́kọ́ wọlé. Bí a bá fi ẹni tí kò ní agbára láti ra àyè ṣe ẹni àkọ́kọ́, a ti fi òfin ilé náà lélẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Ní ti òṣùwọ̀n, mo dá mẹ́rin. Kóòṣì tí a ó gbà wọlé gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, àwọn tó kọ́ sì gbọ́dọ̀ lè jẹ́rìí sí i, títí kan àwọn tí kò di olókìkí. Olùgbékalẹ̀ eré gbọ́dọ̀ ti gbé ìdíje kan náà kalẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ọ̀nà tàbí ibi ìdíje rẹ̀ pé òṣùwọ̀n, kí ó má sì jẹ gbèsè ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni. Ìkẹta, ẹni tó bá wà nípò òṣèlú lọ́wọ́ kò lè wọlé, bó ti wù kí ó tọ́ sí i tó. Kí ó kọ́kọ́ kúrò nípò. Ìkẹrin, àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, àwọn adájọ́ eré àti àwọn eléré tó ti fẹ̀yìn tì ni kí ó máa yàn wọ́n, kí ìwé ìdí tí wọ́n fi yan ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà ní ibi tí gbogbo ayé lè kà á. Èyí kò lè dá ojúsàájú dúró pátápátá, àmọ́ yóò jẹ́ kí ojú tì í.

Ẹ ó bi mí pé owó ilé ńkọ́, nígbà tí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ìpatì. Mi ò ní kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ńtì. Ìwé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn kóòṣì àgbà ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣin ló ní ìwé àjákọ tí wọ́n kọ ìdánrawò sí: iye ìgbà tí ọmọ sáré mítà 200 ní ọjọ́ Ajé, bí ó ṣe sinmi, ohun tó jẹ, ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn ún. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti Yaba College of Technology máa lọ bá wọn nílé, kí wọ́n ya àwòrán ìwé wọ̀nyẹn, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì wà. Kí ìdíje ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ kóòṣì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nínú èsì. Kò ná wa ju kálámù lọ. Nígbà tí ìwé náà bá ti nípọn, ilé á wá a fúnra rẹ̀, a ó sì wá àyè fún un nítòsí pápá méjèèjì tó kọjú síra ní Sùúrùlérè.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yinniyinni kí ẹni ó lè ṣe mìíràn. Òwe yẹn kò sọ̀rọ̀ ẹni tí a yìn nìkan. Ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe. Ọ̀dọ́bìnrin tó ti ń ronú láti fi eré sísá sílẹ̀ kí ó di kóòṣì ń wò wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú yìí mọ iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Nítorí rẹ̀ ni mo fi dá òfin kan pé nínú gbọ̀ngàn wa, kí àwòrán eléré kankan má ṣe dá wà lórí ògiri. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ìlà méjì mìíràn wà. Kí ìlà kìíní sọ ẹni tó kọ́ ọ. Kí ìkejì sọ ibi tó ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí a bá gbé àwòrán Hakeem Ọlájùwọ́n kọ́ ní Sùúrùlérè, kí ọmọdé tó bá wá wò ó ka orúkọ kóòṣì Èkó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, kó ka orúkọ pápá Èkó tẹ̀ lé ti kóòṣì, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ pé, “Ṣé ibẹ̀ jìnnà síbí?” Kí olùkọ́ sì lè dá a lóhùn pé kò jìnnà.